Fèrèsé tí bàbá àgbà dí

Ìyá àgbà tú ayàwòrán ilé fó lónìí, ẹ̀rín ò sì tíì kúrò lẹ́nu mi.

Ọkùnrin náà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Isuada lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, èyí tí gbogbo èèyàn fi ń júwe ọ̀nà.

Ó nawọ́ sí fèrèsé òkè kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí.

"Ẹ wo ọgbọ́n. Ẹni tó ya ilé yìí ò fẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé."

Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Oòrùn wo? Ọkọ mi ló dí i. Ibẹ̀ lèmi àti ọ̀rẹ́ mi tó wà nílé kejì ti máa ń tàkúrọ̀sọ títí iṣu á fi jóná."

Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n pa oòrùn rẹ́, kí wọ́n kọ iṣu.

Ìyá àgbà wá rọra bi í pé, "Ṣé ẹ lè bá mi ṣí i padà? Bàbá ti lọ, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ta ló mọ bíríkìlà tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀? Ìyá àgbà ní ọ̀la ò gbọdọ̀ kọjá.