Orí Tí Mo Yí Sí Ìmọ́lẹ̀

Èmi ni mo yí orí náà. Kì í ṣe dókítà tí wọ́n bá wí lọ́jọ́ yẹn. Ìka méjì ni mo fi yí i, bí mo ṣe máa ń yí orí oníbàárà sí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń gẹrun ní Kétu, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo yí i. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ohun tí mo fẹnu ara mi sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Orí oníke ni. Iṣẹ́ irun ni mo kọ́ nígbà tí mi ò lè parí ìwé girama. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń gẹrun fún jẹ́ ọ̀gá dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkòsì. Wọ́n ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn tọ́jú yàrá náà.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò rí i rí. Orí oníke á wà lórí tábìlì, dókítà á gbé awò ńlá kan sójú. Bó bá wo orí náà báyìí, á máa rí inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ omi tó tòrò: ọpọlọ, iṣan ẹ̀jẹ̀, àti kókó tí wọ́n fẹ́ yọ. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé àwòrán yẹn síbẹ̀, inú orí aláìsàn gidi ni wọ́n sì ti yà á. Dókítà á fi bírò pupa sàmì sára orí náà, ibi tí òun á ti là á àti ọ̀nà tí òun á gbà dé ìdí kókó láìkan iṣan. Tó bá bọ́ awò, ọ̀gá á fi rúlà wọ̀n ọ́n láti etí àti láti àárín ojú.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú àwòrán àti orí bára mu láàárọ̀. Bébà kan wà tí wọ́n ya dúdú-funfun sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì. Òun ni awò ń wò láti mọ ibi tó máa gbé àwòrán sí. Nítorí náà, tí mo bá ti mú wọn bára mu tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún orí mọ́. Orí lè yí, àwòrán ò ní bá a yí. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sára ògiri: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN ORÍ.

Dókítà obìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń bá mi ṣeré.

"Onígbàjámọ̀, oníbàárà rẹ yìí ò nírun lórí. Kí lo ń rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Kì í ṣàròyé ni, mà. Kì í ní kí n tún un gẹ̀."

Á rẹ́rìn-ín. Tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, òun á ṣì gbé awò sójú, á máa fi ìka tọ iṣan kan títí dé ibi tó parí sí.

Ó di ọjọ́ ìdánwò. Ìyá kan tó ní kókó nínú ọpọlọ ń retí iṣẹ́ abẹ, àwòrán orí rẹ̀ gan-an la sì fẹ́ lò. Dókítà méjì ló kù, obìnrin yìí sì wà lára wọn. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá dáa jù ni ọ̀gá máa mú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà obìnrin yìí ò tíì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti sọ fún mi pé tí òun bá tún pàdánù ti ọ̀tẹ̀ yìí, òun á fi iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi wọ yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí odò bá kún. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì lé bíríkì, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ṣòkòtò mi sì tutù dé orúnkún. Síbẹ̀, mo mú orí àti àwòrán bára mu, ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dáa. Dókítà àkọ́kọ́, ọkùnrin, wọlé, ó sàmì tirẹ̀, ó jáde. Mo mú òwú àti sípíríìtì, mo ń nu ìlà tó fà. Ó wá ku díẹ̀ lẹ́yìn etí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti Kétu.

Dókítà obìnrin wọlé, ó gbé awò sójú. Ó tẹjú mọ́ etí orí náà.

"Onígbàjámọ̀, ó dà bíi pé àwòrán yìí ò jókòó sétí bó ṣe yẹ. Ṣé o tò ó dáadáa ṣá?"

Ọ̀gá ń wò wá. Mò ń ro ti pé mo pẹ́ dé, mò ń ro ti ṣòkòtò mi. Tí mo bá ní kí n tún un wò, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́.

"Ó pé, mà. Ọ̀gá ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó gbà mí gbọ́. Ó sàmì.

Ọ̀gá wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Àmì náà fi ìbú àtàǹpàkò kan yẹ̀.

"Ọ̀nà tó o là yìí, àárín iṣan ló gbà," ni ọ̀gá wí. "Tó bá jẹ́ ìyá yẹn ló sùn síbí ńkọ́?"

Dókítà obìnrin ò sọ pé òun ti béèrè lọ́wọ́ mi. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó kó ìwé rẹ̀.

Ìgbà tí mò ń palẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé imú orí náà ò kọjú sí ìlà tí mo fi pẹ́ńsù fà sórí tábìlì mọ́. Mo tì í padà sáyè rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn.

Dókítà ọkùnrin yẹn ló bá ọ̀gá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ìyá yẹn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Mo ń fi ìyẹn tu ara mi nínú pé kò kúkú sẹ́ni tó kú, títí dókítà obìnrin fi wá dágbére. Ó ti gbaṣẹ́ sí ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà àti ikọ́.

"Ó dàbọ̀ o, onígbàjámọ̀. Má jẹ́ kí oníbàárà rẹ sá lọ."

"Dókítà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lọ?"

"Ojú mi ni. Kò ríran tó fún iṣẹ́ yìí. Ó sàn kí n tètè mọ̀."

Mo bá a gbé báàgì dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní, "Ẹ máa lọ ire."

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kí n tó lè sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo yí orí náà. Wọn ò lé mi. Wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún títí, wọ́n wá ní kí n ṣí bébà yẹn kúrò lára tábìlì, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí náà, kí àwòrán lè máa bá orí yí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èmi náà máa bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ́kọ́ pè é."

Mo pè é. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn mi. Ó béèrè bóyá omi ṣì ń wọlé mi, mo ní ó ti fà. Ó béèrè oníbàárà mi, mo ní irun rẹ̀ ò tíì hù. Ó rẹ́rìn-ín. Aláìsàn kan pè é níbẹ̀, ó ní ká tún máa sọ̀rọ̀.

Mi ò sọ ọ́. Ọ̀gá ṣì ń bi mí, mo ṣì ń ní màá pè é. Nínú gbogbo àwa tá a wà ní yàrá yẹn, òun nìkan ló rí i pé àwòrán náà ò jókòó sétí. Ojú rẹ̀ dáa, kò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.