Ẹní tí Ìyá Àgbà Hun fún Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la títì márosẹ̀ kọjá lẹ́bàá Ògèrè, bàbá mi kọ́ ilé kan sí Simawa tó di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu gbogbo ìlú. Ilé náà dára o. Tíṣà ni bàbá mi, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ilé lòun fẹ́ ti darúgbó. Ohun tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé ó ní òun ò ní tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lónìí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà náà. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà lóde. Ẹni tó bá kọ́lé tí kò tẹ́ ẹ, bí ẹni tó wọ agbádá tí kò dé fìlà ni. Bàbá mi ní ẹní lòun fẹ́, ẹní ìko tí wọ́n fọwọ́ hun, kó má sì jẹ́ tuntun. Ó fẹ́ èyí tó ti pẹ́ nílé, tí ara èèyàn ti mú kó rọ̀, irú èyí tí wọ́n bí òun lé lórí.

"Tíṣà," ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wí níjọ́ kan láti ojú ọ̀nà, kò tilẹ̀ wọlé, "ṣé ilé lẹ kọ́ ni àbí ilé kéú? Bí ẹ bá ti tẹ́ ẹ tán, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá mú wàláà mi dání."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ti rí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣàgámù, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Iṣẹ́ ẹní híhun ló fi tọ́ wọn. Láti Simawa dé Ògèrè, òun làwọn ìyá ìyàwó ń wá bá fún ẹní tí ọmọ wọn máa gbé wọlé ọkọ. Á fi osùn rẹ ìko ní pupa, á fi aró rẹ òmíràn ní dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, ìka rẹ̀ ti ká kò, ó ti pẹ́ tó ti hun nǹkan kẹ́yìn. Nígbà tó gbọ́ pé ẹní àtijọ́ ni bàbá mi ń wá, ó ní kó má wulẹ̀ dààmú lọ sọ́jà. Òun mọ ilé tí gbogbo wọn wà.

"Ọmọ mi ni wọ́n," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn."

Bó ṣe di pé à ń wọ ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi kiri ní Sátidé nìyẹn, èmi àti ìyá àgbà àti bàbá mi. Ẹ ò bá rí i bí ìyá àgbà ṣe ń yẹ ẹní wò. Bí wọ́n bá gbé e jáde, kò ní kọ́kọ́ wo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló máa ṣí wò, ó ní ojú ẹní a máa parọ́. Á gbé e sókè síhà oòrùn bóyá kòkòrò ti lu ú. Á fi imú sí i: bó bá ń rùn èéfín, ó dára, èéfín ló ń lé kòkòrò, bó bá ń rùn ọ̀rinrin, kí wọ́n máa gbé e lọ. Lẹ́yìn náà á tẹ igun rẹ̀ jẹ́jẹ́, á dẹtí sí i. Èyí tó bá dún pàá ti gbẹ kú. Èyí tó bá dákẹ́ ṣì wà láàyè. Bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣá, kò kà á sí.

Obìnrin kan gbé tiẹ̀ jáde, ó ti ya létí. Ìyá àgbà wo ẹní, ó wo obìnrin náà. "Ìwọ yìí, ṣé ọkọ ẹ ló ń sùn lórí ẹ̀ ni àbí ewúrẹ́?"

"Ìyá, àwọn méjèèjì ni o," lobìnrin náà dáhùn. "Ewúrẹ́ ló tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sùn."

A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé kejì.

Mo bi ìyá àgbà léèrè pé bí ó bá lọ jẹ́ pé òkú ti sùn lórí èyí tí a mú ńkọ́? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹní tí èèyàn bá kú lé lórí, inú ilé kì í gbà á mọ́. Yálà kó bá òkú wọlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e jù sígbó. Ẹní yòówù tí a bá bá nílé, alààyè ló sùn lé e.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ kí n sọ èyí fún yín. Ìyá àgbà bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, àbúrò bàbá mi. Ògèrè ló lọ sílé ọkọ, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí àìsàn òjijì fi mú un lọ. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ nílẹ̀ wa, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ilé ni ìyá àgbà jókòó sí tí wọ́n wá fi ròyìn fún un. Wọ́n ní ojú oorun ló gbà lọ, lórí ẹní ìyàwó tí ìyá rẹ̀ hun fún un. Wọ́n ní ẹní náà làwọn fi wé e kí àwọn tó gbé e sílẹ̀. Ìyá àgbà di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Bí ẹkún bá gbé e dé ibi tí kò ti lè mí mọ́, á ní, "Ó kúkú sùn sórí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ilẹ̀ ò kàn án lára."

Nígbà tí kíkiri wa gbé wa dé Ògèrè, ó ní kò dára kí a débẹ̀ kí a má yà kí àna. Ọkọ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ò sí nílé. Ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń pọ́n ẹ̀bìrìpò sínú ewé. Ìyàwó tuntun náà ló gbà wá, ọmọdé ni, ara rẹ̀ yá mọ́ àlejò. Kò mọ̀ wá rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé Tíṣà Simawa ń wá ẹní àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti gun àpótí, ó fa ẹní kan sílẹ̀ láti orí àjà.

"Ìyá, ẹ wo èyí. Láti ìgbà tí mo ti débí, kò sẹ́ni tó sùn lórí ẹ̀ rí. Wọ́n kàn ká a síbẹ̀ ni."

Ó tẹ́ ẹ. Ìyá àgbà ṣí ìdí rẹ̀ wò, ó fi imú sí i, ó tẹ igun rẹ̀. Igun náà ò dún. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ọwọ́ ra á lọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dé etí ẹní náà.

Nínú ẹbí tiwa, ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ ló máa ń hun ìparí ẹní rẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kó lè jẹ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ parí rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ò mọ iṣẹ́ náà rárá. Ọwọ́ òsì ló ń lò, ìlà rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà oko. Etí ẹní yìí wọ́.

Ìyá àgbà fi ìka tọ ìlà wíwọ́ náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bàbá mi ti dìde dúró. Ìyá ọkọ jáde láti ẹ̀yìnkùlé tòun ti ewé lọ́wọ́, ó rí ẹní, ó rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì.

"Àna mi," ìyá àgbà ní, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ga, "kí lẹ fi wé ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun…"

"Kí lẹ fi wé e?"

Obìnrin náà sọ ọ́ wàyí. Kì í ṣe ojú oorun. Inú ọkọ̀ onípákó tó ń kó obì lọ sí Ṣàgámù ni, níbi tí wọ́n ti ń sáré gbé e lọ sọ́sibítù, láàárín agbọ̀n obì. Aṣọ ọsibítù ni wọ́n fi wé e, Ṣàgámù náà ni wọ́n sì sin ín sí. "A ò mọ bí a ó ti rò ó fún yín," ó ní. "Ẹní yín wà nílé. A ní ká kúkú sọ pé orí ẹ̀ ni."

Ìyàwó tuntun náà bú sẹ́kún, ó ní òun ò mọ̀, òun ò mọ̀. Ìyá àgbà gbá a mú. "Ìwọ kọ́, ọmọ mi. O ṣe wá lálejò dáadáa." Ó ká ẹní náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí bàbá mi bá a gbé e. Nínú ọkọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ títí a fi délé: "Orí pákó."

A tẹ́ àwọn ẹní yòókù sí ilé tuntun, wọ́n sì wuyì débi pé ọ̀rẹ́ bàbá mi tó sọ̀rọ̀ ilé kéú wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá méjì. Ìyá àgbà ò bá wa jókòó sí pálọ̀ yẹn. Yàrá rẹ̀ ló wà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á tẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, á wá jókòó sórí ilẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó pe bàbá mi àti àwọn ẹbí jọ, ó ní, "Bí mo bá kú, ẹ fi eléyìí wé mi. Kì í ṣe tèmi o. Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi gbé e lọ ni."

"A ti gbọ́, Ìyá," wọ́n ní.

Nígbà tó kú, ayé ti di ayé pósí onígíláàsì. Àwọn ẹbí ti Èkó dé, wọ́n ní ẹní kẹ̀? Ṣé kí aráyé lè ní àwọn sin ìyá Tíṣà bí aláìlẹ́nìkan ni? Bàbá mi bá wọn jà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní kí wọ́n kúkú fi ẹní náà sínú pósí. Ẹní ò gbà síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n gé etí rẹ̀ kúrò, ó ti mú ọ̀bẹ dání. Etí wíwọ́ yẹn ló nawọ́ sí. Bàbá mi gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, wọ́n sì dé pósí lójú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń hun ẹní mọ́ ní Simawa. Ìko ń jẹrà nínú àbàtà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ àwọn tó fi wá ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà ló ń fi ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá láti Èkó báyìí, tí wọ́n ń wá ẹní àtijọ́ tí wọ́n máa tẹ́ sílé tí wọ́n kọ́ sí abúlé. Wọ́n á ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń mọ ojúlówó. Mo ń kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀ wò, kí wọ́n dẹtí sí igun rẹ̀. Bí ojú wọn bá wá kan èyí tó dúró ti ògiri yàrá mi, mo máa ń sọ fún wọn pé ó ní olóhun.

Bàbá mi ò rí ẹní náà gbé lọ, pósí ni wọ́n fi sin òun náà. Ó wá ku èmi. Mo ti pe àwọn ọmọ mi jókòó, mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí. Ọ̀kan ń tẹ fóònù nígbà tí mò ń sọ ọ́.

"A ti gbọ́, Màmá," wọ́n ní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí fún ìyá àgbà.