Ariwo Tó Bá Mi Délé

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi di ẹrù wọn, wọ́n gbé báàgì sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa ní Oṣòdì, wọ́n ní àwọn ti ń lọ sílé. Wọ́n ní àwọn kò lè jókòó kí ọmọ tí àwọn kò bí máa bú àwọn lójú àwọn. Èmi ni ọmọ tí wọn kò bí. Ọmọ tí èmi bí wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì ń gbá a ní ìdí jẹ́jẹ́ bí ẹni tí inú kò bí rárá. Tí wọ́n bá lọ, kò sí ẹni tí yóò bá mi mú ọmọ, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn. Orúkọ burúkú tí wọ́n bá sì gbé dé ilé wọn ní Èkìtì, mi ò lè sáré bá a láé. Bẹ́ẹ̀, mi ò bú wọn. Mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò bú wọn, wọn kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni. Owó epo rọ̀bì ti gba ìlú kan, àwọn olówó tuntun ń kọ́lé ní Ire-Akárí, ẹni tí kò ní aago ọwọ́ lánàá ti ra tẹlifíṣàn lónìí, aṣọ tí a ń hun kò sì tó tà. Làwọn ọ̀gá wa bá ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ. Wọ́n há àwọn tuntun sáàárín àwọn àtijọ́ débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn kọjá. Igi tó ń gbé òwú lọ gbé e bọ̀ a máa gbá apá ọ̀tún, a máa gbá apá òsì, gbogbo ẹ̀rọ yóò sì máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà wa. Ènìyàn lè pariwo títí kí ọ̀fun rẹ̀ bẹ́, ẹni tó fara kàn án kò ní gbọ́.

Nítorí náà, a kì í pariwo. Àwọn tó ṣáájú wa dé ibẹ̀ ti dá ọgbọ́n sí i: ètè la fi ń sọ̀rọ̀, láìmú ohùn jáde. Wàá la ẹnu dáadáa, wàá gbé ìpéǹpéjú sókè kí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ lè mọ̀ pé òun ni, yóò sì ka ọ̀rọ̀ náà ní ẹnu rẹ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ibòmíràn tó tún wà. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kọ́ mi lọ. A ṣòfófó níbẹ̀, a fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, a tiẹ̀ jà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹnì kan.

Nígbà tí iṣẹ́ wá pọ̀ jù, wọ́n ní kí á máa ṣe ṣífíìtì méjì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kúrò nílé iṣẹ́ tí ariwo rẹ̀ bá mi délé. Kì í ṣe ariwo gbígbá ti ẹ̀rọ mọ́, ó ti di tẹ́ẹ́rẹ́, yíìì, bíi kẹ́tùlù tó fẹ́ hó tí kò hó láé. Mo kọ́kọ́ rò pé rédíò aládùúgbò wa ni. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi pa á. Ọkùnrin náà fi rédíò hàn mí, kò tilẹ̀ sí bátìrì nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, mo sì padà sí yàrá.

Ibi tó bá parọ́rọ́ ló máa ń burú jù. Bí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, àfi bí ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ fún un. Mi ò lè sùn dáadáa mọ́. Obìnrin kan nínú ilé ní kí n kán àdí sí etí mi. Òmíràn ní ẹnì kan ló ń fi mí sọ̀rọ̀ nílé, mo sì dá a lóhùn pé ẹni náà kò ní iṣẹ́ ṣe ni, tó fi ń sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi, tíṣà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa fi ọwọ́ bò mí létí bí ẹni pé ìta ni ariwo náà ti ń wá. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Mo rò pé wèrè ló ń bọ̀. Mo ní kí ọkọ mi má sọ fún ìyá rẹ̀, torí kò sí ìyá tí yóò gbọ́ pé ìyàwó ọmọ òun ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ kí ó sùn.

Bó ṣe di pé mo bú ìyá ọkọ mi nìyí. Tí mo bá ti iṣẹ́ dé, orí mi á ṣì kún. Màmá á kí mi káàbọ̀, èmi náà á dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ètè nìkan ni. Pẹ̀lú ariwo tó wà ní etí mi, mi ò mọ̀ bóyá ohùn jáde tàbí kò jáde. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó tó bá ń mi ètè sí ìyá ọkọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ síta, ta ló tún ń béèrè ohun tó ń sọ? Màmá fi ara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ní ọ̀sán yẹn, wọ́n ní kí n má fi ọmọ sí afẹ́fẹ́, mo sì dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Màmá, mo ti gbọ́." Ètè ni, tòun ti ìpéǹpéjú tí mo gbé sókè bí a ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ìpéǹpéjú yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà láti dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta nítorí ọmọ. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ etí mi fún wọn. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbọ́ irú ariwo tí ń sọ ọmọ ènìyàn di aláìmọ̀wàáhù. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Lójoojúmọ́, Màmá a máa gbé ọmọ wá sí géètì ilé iṣẹ́ ní àkókò ìsinmi kí n lè fún un lọ́mú. Ní ọjọ́ Ẹtì, òwú já lórí ẹ̀rọ mi, súpáfáísọ̀ ní mi ò gbọdọ̀ jáde àfi tí mo bá tún un ṣe. Ọmọ sunkún títí ní géètì, àánú ṣe bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ó bá mú Màmá wá sí ẹnu ọ̀nà ibi tí a ti ń hun aṣọ. Mo gbé ojú sókè, mo rí wọn. Wọ́n ti sún ọmọ wá síwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ kan tèmi béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́ lọ́wọ́ mi, ètè ni. Mo dá a lóhùn, ètè náà ni, pé ìyá ọkọ mi ni, pé wọ́n ń lọ lọ́la. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè, èmi náà gbé e sókè. Màmá ń wo ẹnu wa. Wọ́n pè mí. Mo rí i pé ẹnu wọn ń ṣí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún pè mí, wọ́n wá fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara wọn, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n gbé ọmọ fún mi, mo fún un lọ́mú títí ó fi yó.

"Ṣé inú ibẹ̀ yẹn lo ti ń bọ̀," wọ́n ní, "tí mo ń retí kí o dá mi lóhùn?"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n bi mí bóyá ó ń dún ní ìsinsìnyí náà. Mo ní ó ń dún, kì í dákẹ́. Wọ́n fi etí ìró nu ojú mi, wọ́n sì tún fi nu ẹnu ọmọ.

Wọ́n tú báàgì wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọn kò lọ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá fúnra wọn ló mú mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ariwo ló ṣe inú etí mi léṣe, pé kì í ṣe wèrè, pé ó lè dínkù, ó sì lè má lọ tán. Ó ní kí n máa di etí mi níbi iṣẹ́, kí n má sì máa jókòó síbi tó parọ́rọ́ jù, kí ohun kékeré kan máa dún nítòsí mi. Ọ̀rọ̀ pé kì í ṣe wèrè ni mo mú lọ sílé, mo sì ń dúpẹ́ lójú ọ̀nà. Màmá ní tiwọn mú ohun kékeré. Wọ́n ra ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó. Tí mo bá ti ṣífíìtì àárọ̀ dé tí mo sùn sórí ẹní, wọ́n á jókòó síbi orí mi, wọ́n á máa bó o, pẹ́, pẹ́, pẹ́, títí oorun yóò fi gbé mi lọ. A jẹ ẹ̀gúsí nínú ilé yẹn débi pé ọkọ mi béèrè bóyá ilá ti ṣẹ̀ wá ni. Bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ tí ohùn mi kò jáde, wọn kì í bínú mọ́. Wọ́n á kàn fi ìka kan ọ̀fun, èmi á sì tún un sọ.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Kẹ́tùlù inú etí mi rọlẹ̀, kò kúrò. Ó ń dún bí mo ṣe ń kọ èyí, a ti mọ ara wa.

Ọmọ ti ń rìn kí Màmá tó padà sílé. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ní Oṣòdì. Wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé, awakọ̀ ti tanná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, àwọn tó ń pe èrò ń kígbe lé e lórí. Mo kígbe ó dàbọ̀ títí, mo rí i pé wọn kò gbọ́. Màmá wá yọ orí síta. Wọ́n gbé ìpéǹpéjú sókè, wọ́n la ẹnu dáadáa, wọn kò sì mú ohùn jáde.

"O kú ìrọ́jú, ọmọ mi."

Mo kà á láìku ẹyọ kan. Èmi náà fi ètè dá wọn lóhùn, wọ́n sì gbọ́.