Èèpo Nínú Àwọ̀n

Ìsinmi oúnjẹ ni mo wà ní wáyáàsì, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Suwanee, ní Georgia l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ òkun kó sí mi lórí. Lórí fóònù mi, ọkọ̀ àwọn onímọ̀ òkun kan ń fi kámẹ́rà hàn wá bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe rí. Akàn kan yọ jáde, ó da ọ̀rá dúdú borí bí ìborùn. Ìríra mú mi débi pé mo pa ìrẹsì mi dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa ike inú òkun, èmi tí mò ń gbé Stone Mountain tí kò sí òkun nítòsí.

Lọ́dún yìí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà mí ní èbúté Savannah láti wá ṣèrànwọ́ ọ̀fẹ́. Mo ti rò pé atẹ́gùn tútù ni yóò kí mi káàbọ̀. Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì, èébì àti ẹja jíjẹrà ló kí mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ àwọ̀n. Ọ̀gá àwọn onímọ̀, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣèlérí pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọn yóò ju àwọ̀n kan fún èmi náà, kí n ka ike inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ojú àwọ̀n yẹn kò tó ìdajì mìlímítà. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń fọ́n omi sí i, kì í ṣe inú, kí ìdọ̀tí inú omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ má baà kún ohun tí a kó. Aṣọ òwú nìkan la ń wọ̀, kí fọ́nrán ike láti ara aṣọ má baà bọ́ sínú rẹ̀. Bí àwọ̀n bá sì ti wà lómi, wọ́n á kéde pé kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sókun.

Nígbà tí wọ́n fa àwọ̀n tèmi sókè, ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ funfun, ó ń yọ̀ bí ikun, ó sì ń rùn kíkan. Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

“Irú ẹran omi wo lèyí? Mi ò rí irú rẹ̀ rí.”

Mo fi ìka gbé ọ̀kan. Ojú dúdú kékeré wà lára rẹ̀. Èèpo ẹ̀wà ni!

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná. Alásè wa, àgbà ọmọ Ìbàdàn kan tó ń gbé Covington, ń lọ ẹ̀wà. Ariwo blender gba gbogbo ibẹ̀.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ da èèpo ẹ̀wà sómi?”

“Èmi ni. Ṣé kí ẹja má jẹun ni?”

“Àwọ̀n mi ló jẹ ẹ́, sà! Ẹ ò gbọ́ ìkéde ni?”

Ó pa ẹ̀rọ náà. “Pẹ̀lú ariwo yìí? Àánú ẹ ló ṣe mí, àbúrò. Láti Mọ́ńdè lo ti ń ṣa búrẹ́dì jẹ bí ẹyẹlé. Mo ní kí n se mọ́ínmọ́ín fún ẹ.”

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ọ̀gá wa. Ọ̀gá ń nu ọwọ́ rẹ̀ léraléra bí ẹni tó fọwọ́ kan ìgbẹ́. Ó ní ọkọ̀ kò ní pẹ́ yí padà sí èbúté. Bí àwọ̀n bá mọ́ kó tó dìgbà náà, òun á tún un jù. Uncle ká apá aṣọ sókè, àwa méjèèjì sì fọ̀ ọ́ títí kò fi ku èèpo kan.

Wọ́n tún un jù. Ohun tó gbé wá lẹ́ẹ̀kejì, ìbá sàn kó jẹ́ ẹ̀wà. Okùn ọ̀rá tó ti gé wẹ́wẹ́, fóòmù, ìdérí ìgò, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo kà wọ́n lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo tún wọn kà. Lójú òkun tí kò sí ilé kan nítòsí, ike mọ́kànléláàádọ́ta.