Ilá Tí Ṣìkírá Gbìn

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ nígbà tí ẹ̀rín ọmọ mi obìnrin gba gbogbo ilé. Géèmù kan ló ń ta lórí kọ̀ǹpútà. Tòmátò kan wọ bàtà, ó mú idà lọ́wọ́, àlùbọ́sà méjì ń lé e, ó sì ń yọ̀ ṣubú bí ẹni tó tẹ omi ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wá kí wa, na ọrùn wò ó. Ó ní, "Èmi ti ṣe irú èyí rí, kí wọ́n tó bí ẹ. Wọ́n tiẹ̀ fún mi lẹ́bùn lé e lórí." Ọmọ mi ń wò ó tìyanu-tìyanu. Èmi tẹjú mọ́ ẹ̀wà mi. Òkúta kan wà láàárín ìka mi, mi ò mọ ìgbà tí mo ti ń fún un mọ́wọ́.

Irọ́ ni. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, torí kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́.

Àdúgbò Àgùdà là ń gbé nígbà náà, nílé kan tí yàrá ti dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí àwọn ìyá wa ti ń dáná sì là á já. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Yàrá tó kẹ́yìn lápá òsì ni ti ìyá Ṣìkírá, tó ń ta ata, tòmátò àti ilá níwájú ilé. Ọjọ́ orí èmi àti Ṣìkírá dọ́gba, àmọ́ ó ga jù mí lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dà bíi pé ohùn mẹ́fà ló wà lọ́fun rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ládùúgbò wa, tó ní tẹlifíṣọ̀n méjì, àwọn ọmọkùnrin á sì bo ibẹ̀ bí eṣinṣin. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin fọwọ́ kan géèmù náà. Wọ́n ní ká lọ ran ìyá wa lọ́wọ́ nídìí ààrò. Ṣìkírá ní kò burú, ìdí ààrò náà la ó ti ṣe tiwa.

Ó gba páálí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù náà gan-an, ó sì gé fèrèsé sí iwájú rẹ̀. A tú kàlẹ́ńdà àtijọ́, a fi ẹ̀bà tútù lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi gùn tó ọ̀dẹ̀dẹ̀, a wá ká wọn mọ́ igi mọ́ọ̀pù méjì nínú páálí náà. Eku kan wá jẹ apá kan níbẹ̀ nítorí ẹ̀bà náà. Ṣìkírá ya eku ọ̀hún sójú ihò tó jẹ, ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá. Gbogbo ohun tó ń pa ẹ̀fọ́ ló yà síbẹ̀: ọbẹ, ọlọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ìkòkò tó ń hó. Tòmátò tó ti rà lábẹ́ àtẹ ìyá rẹ̀ la fi kùn wọ́n. Ẹni tó bá ń ta géèmù á mú Ilá lọ́wọ́, Ilá tí a fi páálí ṣe, tó dé fìlà, tí a so mọ́ ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan. Èmi á máa yí igi, bébà á máa sáré, Ilá á máa fò. Tó bá ti kan ìkòkò, Ṣìkírá á fi ohùn ìyá arúgbó sọ pé, "O ti di ọbẹ̀." Àlùbọ́sà rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ láìsunkún, kódà tó bá fẹ́ jà. Ata rodo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí onílé wa, tó kúrú, tí kì í sì yé bínú. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin fi ṣọ́ọ̀bù géèmù sílẹ̀ wá tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ṣìkírá ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ fọwọ́, torí ìdí ààrò ni wọ́n wá.

Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹran inú àwo, àgbà ni. Àga tó súnmọ́ fáànù, àgbà ni. Bí àgbà bá ní kí o yá òun ní nǹkan, kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Délé là ń pè é, wà ní ìwé kẹrin girama. Ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́, kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Ó ní ká yá òun ní géèmù wa. A yá a. Ṣìkírá fúnra rẹ̀ ló bá a fi okùn dì í, ó tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ "O ti di ọbẹ̀."

Bàbá mi mú èmi àti Ṣìkírá lọ wo àfihàn náà. A bá páálí wa lórí tábìlì àárín, aṣọ funfun lábẹ́ rẹ̀, orúkọ Bọ̀ọ̀dá Délé lára rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Orúkọ kan ṣoṣo ni. Òun ló gba ipò kìíní, wọ́n sì fún un ní fúláàsì aláwọ̀ búlúù. Bí a ṣe padà délé, ẹnu ọ̀nà ni Ṣìkírá ti pe Bọ̀ọ̀dá Délé ní olè, lójú gbogbo ará ilé.

Bàbá mi ló dàgbà jù nínú àwọn ayálégbé, òun ló sì máa ń parí ìjà. Ó pe gbogbo wọn sí pálọ̀ wa. Fúláàsì náà wà lórí tábìlì. Kò bi ẹ̀gbọ́n mi ní nǹkan kan. Èmi ló kọjú sí.

"Ìwọ, ta ló ṣe é?"

Bọ̀ọ̀dá Délé wò mí. Mo ronú kan pàṣán, mo sì ronú kan bí mo ṣe máa máa bá a gbé yàrá kan náà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá ni."

Bàbá mi mi orí pé òun ti gbọ́. Ó ní kí Ṣìkírá kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ilá kì í ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Tó bá ga jù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ká a.

Ṣìkírá ò kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Èmi ni mo gbìn ín."

Kò pariwo. Ìyá rẹ̀ tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tẹ̀. Ni ìyá náà fúnra rẹ̀ bá kúnlẹ̀, níwájú bàbá mi, níwájú ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ó ní kí wọ́n foríji òun tí òun ò kọ́ ọmọ òun dáadáa. Hóró ata ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Mo ṣì ń bínú sí bàbá mi, bó tilẹ̀ ti kú. Mo bínú sí gbogbo àgbà tó wà ní pálọ̀ yẹn. Odindi họlidé kan ni wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí bébà Ṣìkírá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó la ẹnu. Wọ́n pè é ní ìtẹríba. Irú ìtẹríba wo ló ń mú kí àgbà mẹ́fà ṣe bí afọ́jú? Mo sì bínú sí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó sọ pé "Bọ̀ọ̀dá ni." Àwọn èèyàn máa ń ní kí n dárí ji ara mi, pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Ọmọdé ni Ṣìkírá náà.

Páálí wa ò padà wálé mọ́. Ṣìkírá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá bá mi nídìí omi, á gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, á padà sínú ilé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Mi ò gbúròó rẹ̀ rí láti ìgbà náà. Fúláàsì náà ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ọmọ mi ń ta géèmù, kò sẹ́ni tó ní kó lọ sídìí ààrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday yẹn kan náà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi bu ẹran tó tóbi jù sí àwo ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí géèmù náà parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú kọ̀ǹpútà: ẹni tó ya tòmátò, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, títí kan ẹni tó kàn ṣe ohùn àlùbọ́sà. Ọmọ mi fẹ́ pa á. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo kà á dé ìsàlẹ̀.

"Mọ́mì, orúkọ ta lẹ ń wá?"

"Ṣìkírá."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́ọ̀bù kúrò lẹ́nu. "Ta ni Ṣìkírá?"

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò díbọ́n. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Mo gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan mi. Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Òun ló gbin ilá." Mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un lójú ẹ̀gbọ́n mi, láti orí páálí tẹlifíṣọ̀n dé orí ìyá tó kúnlẹ̀, títí dé orí ẹni tó sọ pé "Bọ̀ọ̀dá ni."