Panla Antí Magriet

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Ruwayne ni gbogbo ará Paternoster, abúlé àwọn apẹja létí òkun, kọ́kọ́ máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Antí Magriet. Òun ló se oúnjẹ ọjọ́ náà. Panla tútù tó fi iyọ̀ àti ìyẹ̀fun díẹ̀ dín wà níwájú tọkọtaya, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ni Ruwayne ọkọ ìyàwó bá gbé ìgò ọbẹ̀ tòmátì, ó dojú rẹ̀ dé orí ẹja. Antí Magriet rọra rìn wá, ó sì gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Kí ni ẹja yìí fi ṣe ọ́ tí o fi ń da ẹ̀jẹ̀ sí i lára?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Antí, ọjọ́ ìgbéyàwó mi mà ni."

"Mo mọ̀. Ó dáa kí ìyàwó rẹ tètè rí bó o ṣe ń ṣe sí ohun tútù."

Búrẹ́dì lásán ni ọkọ ìyàwó jẹ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹja méjì.

Antí Magriet gbà pé onítìjú ẹja ni panla. Àwọn ẹja mìíràn a máa pariwo lẹ́nu èèyàn, àmọ́ panla, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ títí òkèlè àkọ́kọ́ yóò fi lọ sọ́fun. Àwọn àlejò a jókòó jẹ́ẹ́, wọn a máa wo òkun lójú fèrèsé bí ẹni tó lajú sílẹ̀ tó ń sùn. Òun nìkan ni ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Dawid ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ apẹja, bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Magriet, o ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ìwọ wá ńkọ́?"

"Ṣé èmi ń jẹun ni? Èmi ni alágbàsọ ẹja."

Àárọ̀ ọjọ́ òtútù kan wá dé. Dawid àti ọkùnrin méjì ti wọ inú òkun lọ kí kùrukùru tó sọ̀ kalẹ̀. Ó bo àwọn ilé funfun mọ́lẹ̀, òkun àti ọ̀run sì di ọ̀kan. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ fọ́n káàkiri inú kùrukùru, kò ṣeé tọ̀. Àwọn èèyàn dúró sórí iyanrìn, wọ́n ń gbàdúrà. Antí Magriet gbé sítóòfù àti agbada wá sétí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín panla.

Rosina, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ní, "Antí, ṣé àsìkò oúnjẹ nìyí?"

"Bí Dawid ò bá tiẹ̀ mọ̀nà mọ́, ó mọ òórùn ọwọ́ mi."

Rosina sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yí ẹja. Antí ń dín in, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn kàn tàrí nígbà tí imú ọkọ̀ yọ láti inú funfun yẹn, bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá. Dawid sọ̀ kalẹ̀, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ṣé o gbóòórùn rẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ibi gbogbo ni Antí Magriet ti ń sọ ìtàn yìí. Lọ́dọọdún ni òórùn náà ń lọ jìnnà sí i. Nígbà tó fi darúgbó, ó kù díẹ̀ kí òórùn náà yí ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Bùràsíìlì padà.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, wọ́n pé jọ sí pálọ̀, wọ́n ń jẹ panla, wọ́n ń fi ìtàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Rosina bá yíjú sí Dawid.

"Bọ̀dá Dawid, ṣé lóòótọ́ lẹ gbóòórùn ẹja lọ́jọ́ kùrukùru yẹn?"

Dawid gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ọ̀fìnkìn dí mi nímú lọ́jọ́ náà. N ò gbóòórùn kankan."



"Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìwọ gan-an ló ń bá jà, pé kó o má yí ẹja lẹ́ẹ̀mejì, pé kì í ṣe aláìsàn tí wọ́n ń yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kàn ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé ìjà yẹn bọ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Rosina fi ń fi etí aṣọ nu ojú. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un?"

"Ó fẹ́ràn ti òórùn yẹn." Dawid wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Láti ìgbà tá a ti fẹ́ra ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀. Látọjọ́ náà, n ò bẹ̀ ẹ́ mọ́."