Oko Tí Sátẹ́láìtì Kò Rí

"Ẹ sọ fún sátẹ́láìtì yín kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wò ó dáadáa!"

Bí olóògbé Bàbá Dúrójaiyé ṣe dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn nìyẹn ní ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀wẹ̀nà. Títí dòní, ẹni tí wọ́n bá sọ fún ní Ìdànrè pé àwọn ò rí nǹkan rẹ̀, èsì yẹn náà ló máa ń fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín nígbà náà o. Ìjọba ní kí àgbẹ̀ forúkọ oko kòkó wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n lè mọ àwọn tó ń wó igbó ìjọba gbin kòkó. Oko tí kò bá gba nọ́ńbà kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, kò sẹ́ni tó máa ra kòkó ibẹ̀ mọ́.

Bàbá ní tirẹ̀ kò gé ìrókò, kò gé arère. Abẹ́ ìbòòji wọn ló gbin kòkó sí. Nígbà tí Matthias, òṣìṣẹ́ náà, wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, ewé ló rí.

"Bàbá, ẹ̀rọ ní igbó nibẹ̀. Kò sí oko."

"Ìjàlọ tó ti ń bù mí jẹ níbẹ̀ láti ogójì ọdún ńkọ́? Àwọn náà ò sí?"

Àwọn ará àdúgbò ní kó gé igi díẹ̀, kí ẹ̀rọ lè rí kòkó. Bàbá kọ̀. Lọ́dún tí òjò wọ́n, tí kòkó tiwọn ń gbẹ, ṣebí abẹ́ igi wọ̀nyí ni tirẹ̀ ti ń tutù. Túnráyọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń bá a tẹ fóònù, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá àgbà, ọ̀la lọjọ́ Ẹtì o!"

"Túnráyọ̀, ẹni tó torí pé wọn ò rí òun, tó bọ́ ṣòkòtò, kí ni wọ́n máa wá rí?"

Bàbá yáa lọ mú Matthias wá sí oko láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà oko náà, mẹ́tàdínlógójì. Bàbá ń mú un láti ìdí ọ̀kan dé òmíràn, fóònù ń sàmì sí i, Matthias ń ya fọ́tò kòkó abẹ́ igi. Ní ìdí kọ̀ọ̀kan, Bàbá ń sọ ẹni tó gbìn ín, ẹni tó bínú sí i, àti ẹni tó bá wọn parí ìjà. Nígbà tí wọ́n ka méjìlá, Matthias bọ́ bàtà. Nígbà tí wọ́n ka ogún, ó béèrè bóyá òun lè fi ojú inú wo ìyókù.

"Ojú inú lẹ fi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní igbó ni."

Nọ́ńbà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Túnráyọ̀ kà á fún un; nígbà tó tún un kà, ó mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀kan nínú rẹ̀. Bàbá ti há a sórí: "Méje mi dà, olè?"

Oṣù tó kọjá ni Bàbá sùn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Túnráyọ̀ lọ sí Ọ̀wẹ̀nà kí wọ́n lè fi oko sí orúkọ rẹ̀. Òun àti Matthias rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ pèrègún ọjọ́sí títí omijé fi bọ́. Ni ẹ̀rọ bá béèrè lórí fóònù bóyá olóko ṣì wà láàyè: bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìka Túnráyọ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́.

Matthias rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á.

"Padà wá lọ́la," ó wí. "Jẹ́ kí Bàbá ṣì ni oko wọn lónìí."